Ẹ Jẹ́ Kí Adájọ́ Gbọ́ Tẹnu Ẹni Tí Wọ́n Kọ̀ Fún Ní Ìsádi

Lẹ́tà kan ni. Ó máa ń gùn tó ojú ewé mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ti fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ìpínrọ̀ kan, wọ́n á ní àwọn gbà pé ọmọ Nàìjíríà ni ọ́. Tó bá ṣe díẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á ní àwọn kò gbà pé ohun tí o sọ ṣẹlẹ̀ sí ọ rárá. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, wọ́n á fi kún un pé bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, o lè kúrò ní ìlú rẹ kí o lọ máa gbé ní ìlú mìíràn ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó tọrọ ààbò ní Ìlú Ọba mọ lẹ́tà yìí. Láti ọjọ́ tí Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé níbẹ̀, bá ti fi í ránṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni òfin fún ẹni tó wà lórí ilẹ̀ náà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ìsádi, tí tèwe tàgbà mọ̀ sí asylum, kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká gba ẹnu ibodè Benin sá jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha ń lé e kiri. Bọ́lá Tinúbú, tó jẹ́ Ààrẹ wa lónìí, wà lára àwọn tó forí pamọ́ sí òkèèrè nígbà náà. Ilé onílé ló gbà wọ́n títí Abacha fi kú ní ọdún 1998. Ìran tó jẹ irú oore bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dákẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn kan náà bá ń tì mọ́ ẹlòmíràn lójú.

Ohun tó mú kí ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn yìí dá sí i báyìí ni ètò tí Shabana Mahmood, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìsádi kúrò ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ báyìí, kí wọ́n fi lé àjọ tuntun kan lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn yóò lè pe ẹjọ́ níbẹ̀, gbogbo ohun tó bá ní lọ́kàn ni kó kó dà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìjọba náà kò ṣàdédé gbé ètò yìí kalẹ̀. Ní ọdún 2025 kan náà, ẹjọ́ tó lé ní 50,000 ló wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́, ẹni tó bá sì pe ẹjọ́ ń dúró ju ọdún kan lọ kó tó kàn án. Ẹni tó ń dúró yẹn kì í sábà ní àyè láti ṣiṣẹ́. Nǹkan bí pọ́n-ùn 49 ni ìjọba ń fún un lọ́sẹ̀ fún oúnjẹ, aṣọ, ọṣẹ àti owó bọ́ọ̀sì, bó bá ń gbé níbi tó ti ń dáná fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún un ló wà, owó náà kò tó ìdá mẹ́rin iye yẹn. Ọmọ rẹ̀ á dàgbà nínú yàrá kan, á kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, á gbàgbé ti ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un bóyá ibẹ̀ ni yóò ti lọ ilé ìwé lọ́dún tó ń bọ̀. A kò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ìdádúró yìí dára. Ìyà ni, ẹni tí kò jẹ̀bi ló sì ń jẹ ẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n níbo ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́? Nínú àwọn ẹjọ́ ìsádi tí ilé ẹjọ́ parí láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó súnmọ́ ìdajì tí adájọ́ ti dá àre fún ẹni tó pe ẹjọ́. Bí ènìyàn méjì bá gba lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì dé iwájú adájọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni Home Office ṣì lẹ́jọ́. Ilé-iṣẹ́ tí nǹkan bí ìdajì ìdájọ́ rẹ̀ tó dé kóòtù ń yí dànù kò gbọdọ̀ máa sọ pé kóòtù ni ìṣòro òun. Orí tábìlì tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà ni àbùkù wà.

Ẹ jẹ́ ká wo yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ọ̀hún. Òṣìṣẹ́ kan jókòó, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde. Ògbufọ̀ kan wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, orí fóònù ni ohùn rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó ń tọrọ ààbò ń sọ Yorùbá. Èdè wa kò fi ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ọkùnrin, òmíràn fún obìnrin: "ó" ni fún ọmọkùnrin, "ó" náà ni fún ọmọbìnrin. Obìnrin kan tó sá nílé nítorí pé obìnrin bíi tirẹ̀ ló ń fẹ́ yóò sọ pé, "Ó máa ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú." Bí ògbufọ̀ kò bá fara balẹ̀ béèrè ẹni tó ń sọ, ọkùnrin ló máa fi sínú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà á dé, wọ́n á kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìwọ fúnra rẹ lo pe olólùfẹ́ rẹ ní ọkùnrin, nítorí náà irọ́ lo ń pa.

Ọ̀rọ̀ ẹbí tún wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tó bá jù ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ládùúgbò, ẹ̀gbọ́n rẹ náà ni. O kò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ẹni tó wí lóṣù kìíní pé "ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n pa", tí wọ́n wá bi í lóṣù kẹfà bóyá ìyá kan náà ló bí wọn, tó sì dáhùn pé rárá, kò parọ́ kankan lójú Yorùbá. Nínú ìwé òyìnbó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tako ara wọn. Tàbí kí a wo bí a ṣe ń ka ọjọ́. Ọjà tí à ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni òyìnbó yóò kà á, nítorí àwa máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Àgbàlagbà tó ní àwọn tó ń lé òun padà wá ní ọrún lè bá a pé déètì tó wà nínú ìwé ọlọ́pàá fi ọjọ́ kan yàtọ̀ sí tirẹ̀. A ti rí bí irú ìyàtọ̀ ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ìpínrọ̀ odidi nínú lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀.

Iwájú adájọ́ nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń rí àtúnṣe. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, tí àwọn ènìyàn wa ní London mọ̀ sí tribunal, máa ń jókòó ní Taylor House, ní Hatton Cross lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú Heathrow, ní Manchester, ní Bradford àti ní àwọn ibòmíràn. Kò sí fìlà irun funfun lórí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Yàrá kékeré ni, adájọ́ wà níwájú, aṣojú Home Office wà lápá kan, ẹni tó pe ẹjọ́ àti lọ́yà rẹ̀ wà lápá kejì, ògbufọ̀ sì wà láàárín. Adájọ́ yìí kò wà níbẹ̀ láti kàn wò ó bóyá òṣìṣẹ́ ìjọba kọ lẹ́tà rẹ̀ dáadáa. Ó ń gbọ́ ẹjọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí tí kò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó lè gbà á wọlé. Ìwé dókítà tó ṣàlàyé àpá ara, ẹlẹ́rìí tó wà nílé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ọ̀mọ̀ràn tó mọ Nàìjíríà: gbogbo wọn ló láyè. Tí ilẹ̀kùn yẹn bá sì ti pa dé, ilé ẹjọ́ tó wà lókè rẹ̀ kì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Bóyá adájọ́ ìsàlẹ̀ ṣi òfin lò nìkan ni yóò wò. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ yìí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ibí yìí sì ni ibi àkọ́kọ́ tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ Home Office ti ń gbọ́ ti ẹnìkejì.

Ẹjọ́ Adérónkẹ́ Apata, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà, ti di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n dá a lóhùn pé rárá. Agbẹjọ́rò ìjọba dúró ní kóòtù, ó ní obìnrin tó ti bá ọkùnrin gbé rí, tó sì ti bímọ, kò lè jẹ́ ẹni tó ń fẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀. Ọdún 2017 ni wọ́n tó fún un ní ààbò, ó sì di agbẹjọ́rò lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun yòówù kí oníkálùkù wa gbà gbọ́ nípa irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀, òfin tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2014 gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ akọ tàbí abo bíi tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti là á sílẹ̀ ní ọdún 2010 pé a kò lè sọ fún ènìyàn pé kó padà sílé kó lọ máa fi ara rẹ̀ pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù. Ká ní ẹnu ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fún Adérónkẹ́ láti sọ̀rọ̀, inú bàálù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá parí sí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbìyànjú ìkánjú rí. Ó ní ètò kan tí wọ́n fi ń ti àwọn tó ń tọrọ ìsádi mọ́lé tí wọ́n sì ń sáré dá ẹjọ́ wọn. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì péré ni wọ́n fún ẹni tí wọ́n bá kọ̀ láti pe ẹjọ́. Ní oṣù keje ọdún 2015, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní London dá a pé ètò náà kò bá ìdájọ́ òdodo mu láti ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì wó o. Àwọn tó ń kọ òfin tuntun yìí mọ ìtàn náà. A rọ̀ wọ́n kí wọ́n má tún un kọ́ lórúkọ mìíràn.

Ohun kan tún wà tó kan ọkùnrin Nàìjíríà gan-an, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀. Láti ọdún 2005 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi Nàìjíríà sínú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè tí kò léwu, fún ọkùnrin nìkan. Bí ọkùnrin Nàìjíríà bá tọrọ ìsádi, ojú pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n máa fi ń kọ́kọ́ wò ó, àyàfi tí òṣìṣẹ́ bá rí ìdí mìíràn. Láti ọdún 2022, ẹni tí wọ́n bá ti lẹ òǹtẹ̀ yẹn mọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mọ́ rárá. Ó di kó lọ sí Upper Tribunal, ilé ẹjọ́ tó wà lókè tribunal àkọ́kọ́, lọ bẹ̀bẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò, níbi tí owó ti ń jáde bí omi. Ṣé Nàìjíríà ọdún 2005 ni Nàìjíríà òní? Ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní Kano pé ó sọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn, àgbẹ̀ tí àwọn agbébọn lé kúrò lóko, ṣé àwọn náà kò léwu kankan nílé nítorí pé ọkùnrin ni wọ́n? Àkọsílẹ̀ yìí ti di ògbólógbòó. A sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: kí wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò níbẹ̀.

Bí a ṣe ń bá onílé wí, ó yẹ ká yíjú sí ara wa. Ìsádi kì í ṣe ọ̀nà àtirí páálí ìgbélùú. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1951, tí Nàìjíríà náà wọ̀ ní ọdún 1967, ka ìdí márùn-ún: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èrò òṣèlú, àti jíjẹ́ ọ̀kan lára àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń fìtínà. Ebi kò sí níbẹ̀. Gbèsè kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kan wà ní London àti ní Lagos tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ta ìtàn lọ. Wọ́n á fún ọ ní ìtàn tí wọ́n ti fún ẹni mẹ́wàá, wọ́n á yí orúkọ abúlé padà, wọ́n á gba owó ọ̀wọ́n. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Ọkùnrin kan á wọlé pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, pé ọlọ́pàá ń wá lágbájá, pé wọ́n ti jó ilé rẹ̀. Á fi owó sábẹ́ ìwé náà, á ní ẹ̀dà kan péré lòun fẹ́. Àwọn oníròyìn kan ń gba owó yìí. Àwọn kan sì wà nínú ọgbà kóòtù tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí àfidáfíìtì tí ẹni tó ni ín kò dé ibẹ̀ rí.

Ẹni tí irọ́ yìí ń pa lára ni ẹni tó ń sọ òótọ́. Láti ìgbà ẹjọ́ Tanveer Ahmed ní ọdún 2002 ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà pé ẹni tó bá mú ìwé wá ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìwé náà ṣe é gbára lé, àti pé gbogbo ẹ̀rí ni wọ́n á wò pọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Bí ìwé ìròyìn Nàìjíríà mẹ́wàá bá ti jẹ́ ayédèrú lójú adájọ́ kan, ta ni yóò gba ìkọkànlá gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú wà lóòótọ́, tí ilé sì jó lóòótọ́? Oníròyìn tó ta ojú ìwé rẹ̀ ní 50,000 náírà ti ta ẹ̀mí ẹnìkan tí kò mọ̀ rí mọ́ ọn. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn máa lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde ní gbangba.

Kí ló wá yẹ kó ṣẹlẹ̀? Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá dá àjọ tuntun rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ń dájọ́ níbẹ̀ má jẹ́ ọmọ ìjọba lábẹ́ aṣọ, kí ó ní òmìnira tí adájọ́ ní, kí ojú ẹni tó pe ẹjọ́ sì máa kan tirẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́rìnlá má dín, kí wọ́n sì máa kà á láti ọjọ́ tí lẹ́tà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, nítorí Home Office fúnra rẹ̀ ló ń kó àwọn ènìyàn láti hòtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn tí lẹ́tà sì ń lọ sí ibi tí wọ́n ti kúrò. Kí wọ́n ka ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sétí ẹni tó sọ ọ́, lédè tó sọ ọ́, kí ó tó fọwọ́ sí i. Kí owó tí ìjọba ń san fún lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ aláìní tó ohun tí ènìyàn lè fi jẹun. Owó yẹn kò lé sí i láti ọdún 1996 fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ lọ́yà sì ti pa iṣẹ́ náà tì. Ìlú ńláńlá wà tí ènìyàn yóò ti wá lọ́yà ìsádi títí tí ọjọ́ mẹ́rìnlá rẹ̀ yóò fi pé.

Ní tiwa, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2022 lórí dídá ènìyàn padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, bàálù kan ṣoṣo kó ènìyàn 44 wá sí Nàìjíríà àti Ghana. Ìjọba tó gbà láti pàdé àwọn ènìyàn rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó gbéra bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣì ní ẹjọ́ nílẹ̀. Ohun tí Ààrẹ Tinúbú fojú ara rẹ̀ rí lókè òkun tó fún un láti mọ ìdí rẹ̀. A sì ń ké sí àwọn ìjọ wa, àwọn mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní Peckham, ní Woolwich àti ní Manchester: ẹ má fi àdúrà nìkan sin ẹni tó gba lẹ́tà náà. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ tí yóò jókòó tì í ka lẹ́tà náà ní ìpínrọ̀ ìpínrọ̀, tí yóò kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ibi tí ògbufọ̀ ti ṣì í gbọ́.

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an, tàbí tí ó kan àbúrò rẹ, wo déètì tó wà lókè lẹ́tà náà kí o tó ka ohunkóhun mìíràn. Ọjọ́ yẹn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí o já a. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò bá ọ kọ̀wé, wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Immigration Advice Authority tàbí ti àwọn agbẹjọ́rò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń dá lábẹ́ òfin ọdún 1999. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, má jókòó: kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ kí o sọ ìdí tó fi pẹ́, wọ́n láṣẹ láti gbà á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ni kí o sọ, bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má fi ti ẹlòmíràn kún un.